Ẹja Tí Ìyá Àgbà Dá Padà Sómi

Tí wọ́n bá ti ń rọ epo bẹntiróòlù sínú jẹnẹrétọ̀ nílé wa l'Ọ̀fàtẹ̀dó, òórùn rẹ̀ a gbé mi padà sórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́.

Àbúrò màmá mi tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló gba ọkọ̀ ojú omi fún wa láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo jókòó ti ìyá àgbà, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun l'Òṣogbo. Nílé tiwọn, ẹnikẹ́ni kì í pa ẹja Ọ̀ṣun, débi tí wọ́n á jẹ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì ń bú, òṣíbàtà ń ha ara ọkọ̀, omi tútù ń ta sí mi lẹ́nu.

Lọ́sàn-án, apẹja kan ta ẹja àrọ̀ ńlá kan fún wa. Ó ṣì ń jà nínú ike. A fẹ́ yan án jẹ ní erékùṣù tó wà níwájú. Àfi bí ìyá àgbà ṣe fi ọwọ́ méjèèjì gbé e.

"Oore Yèyé o!" Wọ́n rọra dá a padà sómi.

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo ní:

"Ìyá àgbà, ọ̀sà nìyí o. Òṣogbo ni Ọ̀ṣun wà."

"Ta ló sọ fún ẹ pé odò ń jókòó sílé?" Wọ́n nu ọwọ́ sára ìró. "Ẹja wa nìyẹn. Ó rìn jìnnà ni."

Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ata lásán la jẹ. Ìyá àgbà nìkan ló jẹ àjẹyó.

Wọn ò mọ̀wé. Èmi tí mo kàwé ni mo wá rí i nínú máàpù, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ayé sílẹ̀, pé ọ̀sà apá ibẹ̀ yẹn ni Ọ̀ṣun ń ṣàn já sí.