Ibi Tí Píkọ́ọ̀pù Ọkọ Mi Ti Wá

Nígbà tí owó epo dé, tí ìjọba sì fi owó kún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, oríṣiríṣi nǹkan ni àwọn ará Ìbà rà. Àwọn kan ra fíríìjì sínú ilé tí kò ní iná mànàmáná, wọ́n ń to aṣọ ìròde sínú rẹ̀. Àwọn kan ra tẹlifíṣọ̀n, wọ́n fi léèsì bò ó kí eruku má bà á. Ọkọ mi, tó ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, gbọ́n ju gbogbo wọn lọ. Òun ra píkọ́ọ̀pù kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí irú rẹ̀ rí.

Ọ̀sán Sátidé kan ló gbé e wọlé. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi, nítorí tíṣà ni mí nígbà náà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkókómáìkò. Mo gbọ́ ariwo bí ìgbà tí wọ́n da òkúta sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Nígbà tí mo gbójú sókè, ohun tí mo rí ní àwọ̀ ọbẹ̀ ẹ̀wà tó ti sùn mọ́jú. Iná iwájú rẹ̀ méjèèjì sún mọ́ ara wọn bí ojú ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú yẹ̀pẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sẹ́yìn, débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé ní láti kọ́kọ́ fi ìdí rìn díẹ̀.

Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi ọwọ́ lù ú lára bí ẹni ń lu màlúù tó sanra.

"Jámánì ni," ó wí.

Mo ní, "Ta ló sọ fún yín?"

"Iléeṣẹ́ òyìnbó kan ní Marínà ni mo ti rà á."

"Àwọn ló ní Jámánì ni?"

Ó wò mí bí mo ṣe máa ń wo ọmọ tó bá ní méjì àti méjì jẹ́ márùn-ún. "Tíṣà, fọwọ́ kan irin yìí. Ta ló tún lè rọ irin báyìí bí kì í bá ṣe Jámánì?"

Ẹ̀rí mìíràn tún wà. Nígbà tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi àwo idẹ pẹlẹbẹ kan hàn mí tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ radiétọ̀. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà sí i lára ní lẹ́tà tí n kò mọ̀. Àwọn kan jọ lẹ́tà tiwa, àwọn kan dà bí ẹni pé wọ́n yí ẹ̀yìn síni. Ọkọ mi ní orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é nìyẹn. Mo ní mo mọ̀ pé àwọn Jámánì kì í lo irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ó ní Jámánì àtijọ́ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó pe ẹni tó ń kọ̀wé sára mọ́tò pé kó fi ọ̀dà pupa ṣe àdàkọ ọ̀rọ̀ náà sí iwájú orí píkọ́ọ̀pù náà àti sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wù ú kí gbogbo ayé rí orúkọ iléeṣẹ́ ńlá náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí kò rìn kọjá Àgbádárìgì rí láyé rẹ̀, dúró níwájú ọkọ̀ náà, ó mi orí, ó ní òun mọ iléeṣẹ́ yẹn dáadáa.

Kí n má purọ́, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn. Tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn láti Ìbà dé Òkókómáìkò láràárọ̀. Nísinsìnyí mo ń jókòó níwájú píkọ́ọ̀pù bí ìyàwó gómínà, orúnkún mi ń lu àgbọ̀n mi bí a bá ti bọ́ sínú kòtò.

Nígbà tó di ọjọ́ kan, a lọ sí Òjó láti kó páànù tí ìyá ọkọ mi fẹ́ fi bo ilé rẹ̀. Màmá fúnra wọn wà pẹ̀lú wa, wọ́n jókòó láàárín, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di gèlè wọn mú. Nígbà tí à ń padà bọ̀, tí a kọjá Òkókómáìkò díẹ̀, èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí yọ níwájú wa. Màmá ní, "Ṣé sìgá ló ń mu ni?"

Ọkọ mi páàkì. Ó ní omi ló gbẹ, kò tó nǹkan. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi aṣọ ìnujú rẹ̀ di ìdérí radiétọ̀ mú, ó sì yí i.

Omi gbígbóná náà rú sókè bí ẹni pé ó ti ń retí rẹ̀ láti àárọ̀. Ó bó o láti ọrùn ọwọ́ ọ̀tún dé ìgúnpá. Ọkọ mi kì í ṣe ẹni tó ń pariwo, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà àwọn tó ń gbin ẹ̀gẹ́ lókèèrè ju ọkọ́ sílẹ̀. Mo da gbogbo omi tí a gbé lọ́wọ́ sí i lápá. Ọkọ̀ akẹ́rù kan gbé òun àti Màmá lọ sílé ìwòsàn. Èmi dúró ti páànù àti Jámánì.

Mẹkáníìkì kan wà ní Òkókómáìkò, ọmọ Abẹ́òkúta, ẹlẹ́sìn aṣọ funfun, tí kì í purọ́ fún oníbàárà, àìsàn tí kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi okùn fa ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó tú pọ́ńpù tó ń fa omi sínú ẹ́ńjìnnì, ó sì gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ti sán sí méjì.

"Tíṣà, ẹ má bínú," ó wí. "Mo ti tún Jámánì ṣe. Mo ti tún Japáànù ṣe, àti ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ò mọ ibi tí èyí ti wá. Ẹ bá mi wádìí ìlú tí wọ́n ti ṣe é, kí a lè mọ ibi tí a ó ti rí pátì tí a ó fi pààrọ̀ èyí tó bàjẹ́."

Ọkọ mi, tó ti fi báńdéèjì wé ọwọ́, ní mẹkáníìkì náà ò kàwé. Bẹ́ẹ̀ ni píkọ́ọ̀pù ṣe jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lágbàlá wa. Ọ̀sẹ̀ kìíní, àwọn ènìyàn ń bi wá pé kí ló ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, adìẹ ti yé sórí ìjókòó awakọ̀. Èmi sì ti padà sórí ẹsẹ̀ mi.

Mo ya ewé kan nínú ìwé ìkọ̀wé mi, mo jókòó síwájú àwo idẹ náà, mo fara balẹ̀ ya àwọn lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ jéléósinmi. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan ń gbé ní Navy Town, ṣọ́jà orí omi ni ọkọ rẹ̀. Mo rántí pé ó sọ fún mi rí pé wọ́n rán ọkọ òun lọ kọ́ṣẹ́ ní Rọ́ṣíà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo tẹ̀ lé e lọ sílé wọn.

Ọkọ rẹ̀ gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó wò ó, ó ní, "Lẹ́tà yìí jọ ti Rọ́ṣíà, ṣùgbọ́n èdè náà kì í ṣe tiwọn gan-an. Wọ́n kàn jọ tan ni. Mo lè kà á, ṣá."

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, kí ni orúkọ iléeṣẹ́ náà?"

"Iléeṣẹ́ wo?" Ó tún un kà, ó ń fi ìka tọ ọ́. "Ohun tí wọ́n kọ síbí ni pé: Ṣọ́ra, má ṣe ṣí i nígbà tó bá gbóná."

Mo ní kó jọ̀wọ́ tún un kà. Ó tún un kà. Ìyàwó rẹ̀ bi mí bóyá ó rẹ̀ mí ni, nítorí mo ti fi orí lé tábìlì. Mo ronú kan ọkọ mi àti ọwọ́ rẹ̀ tó bó. Mo ronú kan ọ̀dà pupa tó fi kọ ìkìlọ̀ náà sí iwájú orí ọkọ̀, gbàgàdà gbàgàdà, níbi tí kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó má rí i. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tó yá, kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́, nítorí mo rántí bí awọ ọwọ́ náà ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì.

Ẹjọ́ wẹ́wẹ́ kọ́ ni mo rò fún un nígbà tí mo délé. Mo kàn sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "N kò rà á ní Marínà."

"Níbo lẹ ti rà á?"

"Lọ́wọ́ ìyá kan létí omi ní Òjó. Ó ń ta oúnjẹ."

Ìyàwó gómínà ti ń gun ọkọ̀ tí a rà lọ́wọ́ olóúnjẹ láti ọjọ́ yìí wá. Mo ní kó mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá náà.

Ọjọ́ Àìkú la lọ. Obìnrin tó ga, tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni, Ègùn, ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ń já okùn. Ó gbé àpótí fún wa láti jókòó. Nígbà tí mo bi í pé níbo ni píkọ́ọ̀pù náà ti wá, ó wo ọkọ mi.

"Ẹ̀yin ni ẹ ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni," ó wí.

Ọkọ mi ní, "Ẹ máa sọ, Ìyá."

Ó wá rò ó fún wa. Gbogbo èèyàn mọ ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì nígbà náà. Ìjọba wa ra sìmẹ́ńtì ní gbogbo ayé, wọ́n rà á bí ẹni ra iyọ̀, kò sì sí ẹni tó rántí bi èbútékọ̀ Èkó bóyá àyè wà. Ọkọ̀ òkun tò lọ bẹẹrẹ, wọ́n ń dúró. Ìyá yìí àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé ata, iṣu àti ewúrẹ́ lọ tà fún àwọn atukọ̀ tó ń dúró náà. Ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà òyìnbó onírùngbọ̀n. Ó dúró títí owó ọwọ́ rẹ̀ tán.

"Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti rù," ìyá náà wí. "Inú ọkọ̀ wọn kún fún sìmẹ́ńtì, ènìyàn ò sì lè jẹ sìmẹ́ńtì. Mo ń gbé oúnjẹ fún wọn, mo ní bí ẹ bá dé èbúté ẹ ó san án. Nígbà tí wọ́n wá dé èbúté, ọ̀gá wọn ní òun ò ní nǹkan kan, àfi mọ́tò yẹn. Mọ́tò náà ló máa ń gùn bí ó bá dé ìlú. Wọ́n fi ẹ̀rọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún mi. Ó fọwọ́ pa á lórí, ó sunkún."

"Kí ló ń pa á lẹ́kún?" mo bi í.

Ó wọ inú ilé, ó sì mú fọ́tò kan tí òyìnbó náà fún un jáde. Píkọ́ọ̀pù wa ni, ó dúró nínú ohun funfun kan tí mo kọ́kọ́ pè ní òwú. Yìnyín ni. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà nínú aṣọ iṣẹ́ tò síwájú rẹ̀, onírùngbọ̀n náà wà láàárín, ó ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Ìyá ní onírùngbọ̀n náà ṣàlàyé fún òun pé kó tó di atukọ̀, ó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kékeré kan tó ṣe irú mọ́tò yẹn. Mọ́tò tí wọ́n ṣe kò tíì pọ̀ tí ìjọba wọn fi ti iléeṣẹ́ náà pa.

"Orúkọ ìlú wọn ńkọ́, Ìyá?"

"Bọ̀géríà," ó wí. "Ó ń pè é lọ́pọ̀ ìgbà."

Nígbà tí a délé, mo yẹ máàpù tí mo fi ń kọ́ kíláàsì mi wò. Bùlùgéríà. Ọkọ mi fi ìka wọn ọ̀nà tó ti ibẹ̀ dé Jámánì, ó ní kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà.

Mẹkáníìkì gbọ́ gbogbo ìtàn náà, ó sì mí kanlẹ̀. Ó ní bí iléeṣẹ́ bá ti kú, kò sí pátì láyé, nítorí náà kí a má wulẹ̀ wá a mọ́. Ó gbé pọ́ńpù tó sán náà lọ bá alágbẹ̀dẹ kan tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin. Alágbẹ̀dẹ náà gbẹ́ òmíràn tó jọ ọ́ ní ọjọ́ méjì péré. Ó ṣiṣẹ́. Ohun tí à bá ti ṣe láti ọjọ́ kìíní nìyẹn, ṣùgbọ́n nígbà náà a ṣì ń dúró de Jámánì.

Ọwọ́ ọkọ mi jinná, ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ fà, kò lè yí sítíárì fún ìgbà pípẹ́. Mo ní kó kọ́ mi. Ó kọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní obìnrin kì í wa ọkọ̀ ní Ìbà. Mo ní kò burú, kí ẹ̀gbọ́n máa wà á. Ẹ̀gbọ́n wà á lẹ́ẹ̀kan, ó wọ inú oko àgbàdo lọ, ọ̀rọ̀ náà sì parí.

Ọkọ mi kọ́ mi lórí pápá bọ́ọ̀lù fún oṣù kan. Ó jẹ́ olùkọ́ tó dára, bí kò bá ti di ilẹ̀kùn mú tó sì ń gbàdúrà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wà á dé ilé ẹ̀kọ́, òun ló jókòó tì mí. Nígbà tí a dé oríta Ìyànà-Ìbà, bàbá kan tó mọ̀ wá kí i pé, "Ẹ kú oríire o. Ìyàwó yín ti di dẹ́rẹ́bà."

Mo retí pé kó sọ pé òun ló kọ́ mi. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Òun ló mọ ọkọ̀ náà jù mí lọ," ó dá bàbá náà lóhùn, ó sì yí ojú síta, ó ń wo igbó.