Ilà Ojú Ìyàwó Mi

Mo ṣì máa ń rántí òórùn ọ̀dà inú yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Mọ́níyà, nígbà tí ọ̀rúndún tó kọjá ń lọ sópin. Àwòrán inú ìwé àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mò ń yà. N ó kọ́kọ́ ya fọ́tò ìyàwó mi níbi tó ti ń yan gàrí nílé wọn ní Lálúpọn, n ó fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà yà á sórí páálí, lẹ́yìn náà n ó gbé e lọ fún oníkọ̀ǹpútà kan nígboro Ìbàdàn, a ó sì jọ tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe nínú ẹ̀rọ. Mo máa ń fi iṣẹ́ yìí yangàn. Ẹni tó bá ṣèèṣì kí mi, àfi kó jókòó gbọ́ bí ẹ̀rọ yóò ṣe sọ àwa ayàwòrán di ọba. Ìyàwó mi a máa rẹ́rìn-ín, a ní, "Ẹ yà mí bí mo ṣe rí o, bàbá ọmọ mi. Ẹ má sọ mí di ìyàwó ẹlòmíràn."

Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ló pa á. Inú ọ̀fọ̀ ni mo wà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fi mú fọ́tò rẹ̀ lọ bá oníkọ̀ǹpútà náà, kó fi ṣe àwòrán tí a ó pín níbi ìsìnkú. Nígbà tí mo rí i, mo gbé e súnmọ́ fèrèsé kí n lè wò ó dáadáa. Wọ́n gé orí ìyàwó mi lé ọrùn obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí, tó wọ léèsì, tó fi iyùn sọ́rùn, tí ọwọ́ rẹ̀ rí múlọ́múlọ́ bí ọwọ́ ẹni tí kò súnmọ́ iná rí. Wọ́n sọ ọ́ di apọ́nbéporẹ́. Èyí tó rí mi lára jù ni pé wọ́n ti pa pélé rẹ̀ rẹ́, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán bí àwo tánganran.

Mo lọ bá oníkọ̀ǹpútà. Ó kí mi kú àdánù, ó ní, "Gbogbo èèyàn ló ń ní ká yọ ilà kúrò báyìí, sà. Ọ̀fẹ́ ni mo bá yín ṣe é."

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi bi mí bóyá mo fẹ́ kí wọ́n máa pe àwọn ní ará oko ni.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí a ti ṣe ìsìn, àwòrán náà kárí, oníkálukú ń yìn ín. Ìyá àgbà kan tí òun àti ìyàwó mi jọ máa ń bẹ ẹ̀gẹ́ gba tirẹ̀, ó wò ó títí, ó wá fà mí mọ́ra.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta ni wọ́n tún ń sin pọ̀ mọ́ ìyàwó yín lónìí?"



Lẹ́yìn ìsìnkú, mo fi ọwọ́ ara mi ya ìyàwó mi tòun ti pélé rẹ̀, láìgbé e dé ibi ẹ̀rọ kankan, mo sì fi kọ́ ògiri. Ṣùgbọ́n ti kọ̀ǹpútà ló wà ní pálọ̀ gbogbo àwọn ọmọ mi títí dòní. Ọmọ-ọmọ mi kan wá kí mi láìpẹ́ yìí, ó bi mí pé ta ni obìnrin tó wà lára ògiri mi. Mo ní ìyá àgbà rẹ̀ ni. Ó ní rárá, ìyá àgbà òun kò ní ilà. N kò bá a jiyàn. Mo gbé ọmọ náà sókè, mo ní kó fi ìka tọ pélé náà, níbi tí ọ̀dà ti nípọn jù.