Kápẹ́ńtà Tó Kí Oníbàárà Títí Iṣẹ́ Fi Bọ́

Ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án. Ènìyàn mọ́kànlá. Gbogbo wọn ni kápẹ́ńtà kan fi ìwé iye owó ránṣẹ́ sí lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wọn náà ni kò fèsì.

Kò wá ẹnìkankan lọ nínú wọn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n wọlé sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìtajà oògùn, tí wọ́n fọwọ́ pa igi tó ti fá, tí wọ́n ní, "Ọwọ́ yìí mà dáa o." Àwọn ni wọ́n mú un lọ sílé kó lọ wọn ògiri. Ó gun àga, ó kúnlẹ̀, ó fa téèpù láti igun dé igun, ẹnikẹ́ni kò sì fi omi lọ̀ ọ́. Wọ́n ní kó kọ iye tí iṣẹ́ máa jẹ ránṣẹ́. Ó kọ ọ́. Ni wọ́n bá dákẹ́ bí ẹni pé èébú ló kọ.

Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá eré. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti jọ sọ ọ́ pé bí iṣẹ́ kankan ò bá wọlé kí oṣù tó parí, yóò ti ṣọ́ọ̀bù pa, yóò sì lọ máa bá àbúrò ìyàwó ṣiṣẹ́. Àbúrò yìí ń ta àga tó ń ti òkè òkun wá nínú páálí, ó sì ń wá ẹni tí yóò máa fi síkúrù tò ó pọ̀ fún àwọn tó bá rà á. Ẹni tó ń pè é ní ẹ̀gbọ́n lónìí ni yóò máa rán an níṣẹ́ lọ́la.

Iṣẹ́ tó lè gbà á ni ti olùdarí ilé-ìwé aládàáni kan: tábìlì àti àga fún kíláàsì méjì. Ṣùgbọ́n àrùn kan ń ṣe kápẹ́ńtà yìí. Ó mọ̀ ọ́n kí jù. Ẹ-kú-ilé ni àwọn ará àdúgbò ń pè é. Kò lè bi ènìyàn ní ọ̀rọ̀ owó láìkọ́kọ́ béèrè àlàáfíà gbogbo ẹbí, ẹbí àwọn oníbàárà rẹ̀ sì pọ̀. Ó pe olùdarí náà lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé dáadáa la jí?"

"A dúpẹ́ o, kápẹ́ńtà mi."

"Orúnkún yín ńkọ́, mà?"

Ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Olùdarí bẹ̀rẹ̀ látorí orúnkún òsì, ó bọ́ sórí ti ọ̀tún, ó bú dókítà, ó bú ìyàwó ọmọ rẹ̀ tí kò bá a fi ìpara ra á. Kápẹ́ńtà ń ṣe "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, Ọlọ́run á wò ó sàn." Níkẹyìn, obìnrin náà mí kanlẹ̀.

"O ṣeun o. Ìwọ nìkan ló ń pè mí láìbéèrè nǹkankan."

Ta ló tún fẹ́ dárúkọ àga lẹ́yìn ìyẹn? Ó gbé fóònù kalẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tó ń ká aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì wò ó.

"Kí ni wọ́n wí nípa àga?"

"A ò tíì débẹ̀."

"Ìgbà mélòó lẹ ti pè wọ́n báyìí, Bàbá Ìbejì? Ṣé orúnkún lẹ fẹ́ kàn fún wọn ni àbí àga?"

"Èèyàn kì í ṣàdédé béèrè owó lọ́wọ́ àgbà."

"Ta ní kẹ́ ẹ béèrè owó? Iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ béèrè!"

Ó lọ sí ilé-ìwé náà fúnra rẹ̀. Lẹ́nu géètì, àwọn kan ń já tábìlì tuntun sílẹ̀ látinú ọkọ̀. Olùdarí fò dìde lórí ìjókòó. Orúnkún ti gbádùn.

"Ẹ-kú-ilé! Wá wo àga wa."

"Mà... ìwé tí mo fi ránṣẹ́ ńkọ́?"

"Ìwé yẹn ràn wá lọ́wọ́ gan-an! Òun la fi han kápẹ́ńtà tó ṣe ìwọ̀nyí tó fi gé owó tiẹ̀ wálẹ̀. Òun ń béèrè lójoojúmọ́, ìwọ ò béèrè. Mo ní ọwọ́ rẹ ti kún ni. Má bínú, jọ̀ọ́. Ṣáà máa pè mí o."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúpẹ́!

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ kò pariwo. Ó gbé fóònù lé e lọ́wọ́ pé kó pe àwọn yòókù lójú òun. Inú ti ń bí kápẹ́ńtà. Ó pe onílé ìtura kan.

"Ṣé ẹ ń ṣe ìlẹ̀kùn yẹn àbí ẹ ò ṣe é?"

"Ta lo rò pé ò ń bá sọ̀rọ̀? Wọn ò kọ́ ẹ ní ìkíni nílé yín ni?" Ó já fóònù mọ́ ọn létí.

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ẹ kí wọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ béèrè. Kẹ́ ẹ wá panu dé."

Ó gbìyànjú rẹ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin tó fẹ́ ṣe kọ́bọ́ọ̀dù. "Ẹ káàsán, sà. Kápẹ́ńtà ni. Ṣé ká bẹ̀rẹ̀ ni àbí ẹ ti yí ọkàn padà?"

"Agbára mi ò ká iye yẹn, kápẹ́ńtà. Ojú ló ń tì mí tí mi ò fi sọ."

Kápẹ́ńtà dúpẹ́ bí ẹni tó rí iṣẹ́ gbà. Ọkùnrin yẹn nìkan ló hùwà ènìyàn. Òmíràn ń pariwo "Hẹ́lò? Hẹ́lò? Mi ò gbọ́ ọ!" bẹ́ẹ̀ ó gbọ́ dáadáa. Òmíràn gbé fóònù fún ọmọ rẹ̀ kékeré, ọmọ náà sì jíṣẹ́ bó ṣe gbà á: "Mọ́mì ní kí n sọ pé àwọn ò sí nílé." Wọn ò ka èyí sí irọ́. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ bà á nínú jẹ́ ni. Ojo ni wọ́n.

Ẹnìkan ṣoṣo ló kù, ẹni tó fẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti wọ́dírọ́ọ̀bù tó gba gbogbo ògiri kan. Ẹni yẹn ní, "Màá pè yín lálẹ́." Alẹ́ ti ṣú, ilẹ̀ ti mọ́, kò pè.

Ọ̀la ni oṣù ń parí. Àbúrò ìyàwó ti fi aṣọ iṣẹ́ ránṣẹ́, ó kéré jù, orúkọ ṣọ́ọ̀bù àbúrò náà sì wà gàdàgbà lẹ́yìn aṣọ náà. "Ẹ wọ̀ ọ́ wò, ẹ̀gbọ́n." Kápẹ́ńtà kò tíì wọ̀ ọ́. Ó jókòó sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, fóònù wà lórí itan rẹ̀.

Ìwọ tí ò ń kà á, ìwọ náà ti sọ fún oníṣẹ́ kan rí pé o máa pè é. Ìwé rẹ̀ ṣì wà nínú fóònù rẹ, o ti kà á. Bí kò bá sí owó, sọ pé kò sí. Bí o ti gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ "rárá" kò ní pa á. Gbé fóònù yẹn báyìí, kí o dá a lóhùn.