Ìjì Tí Kíláàsì Mi Fún Lórúkọ

Ọdún kejì tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbé mi wá sí Ìkẹ́rẹ́, jọ́gíráfì sì ni mo fẹ́ràn jù láti kọ́ ọmọ. Lọ́jọ́ kan, mo ń sọ fún àwọn ọmọ Pírámárì Fáìfù nípa àwọn ìjì ńlá tí ń ti orí òkun wọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Mo ní láyé àtijọ́, orúkọ ẹni mímọ́ tí àjọ̀dún rẹ̀ bá bọ́ sí ọjọ́ tí ìjì jà ni àwọn ará erékùṣù ibẹ̀ fi ń pè é. Nígbà tó yá, wọ́n lo ọ̀rọ̀ tí àwọn ṣọ́jà fi ń pe lẹ́tà lórí rédíò. Kò sì tíì pẹ́ nígbà náà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní orúkọ obìnrin, lẹ́tà A fún èyí tó kọ́kọ́ jà lọ́dún, B fún èkejì, kí ìròyìn ìjì kan má baà dà pọ̀ mọ́ ti òmíràn. Ẹ̀rín pa wọ́n. Èmi náà rín.

Àṣé wàhálà ni mo ń fọwọ́ ara mi fà. Ìjì àkọ́kọ́ ọdún náà gba ẹ̀yìn òkè Olósunta dé, ó ká páànù ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì da kòkó tí àwọn èèyàn sá nù. Kí ilẹ̀ tó gbẹ, kíláàsì mi ti wá orúkọ fún un. Lẹ́tà A ni wọ́n ń wá, orúkọ obìnrin sì ni. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo nínú wọn ni orúkọ rẹ̀ fi A bẹ̀rẹ̀: Adéfúnkẹ́. Ó di ariwo ojú ọ̀nà: "Adéfúnkẹ́ ká páànù!" Àwọn àgbà tí ilé wọn ń jò gbà á lẹ́nu wọn. Obìnrin kan tilẹ̀ lọ bá ìyá ọmọ náà pé kí ó wá bá òun kan òrùlé òun. Ẹ̀fẹ̀ ni o, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ náà ń ta.

Bàbá Adéfúnkẹ́, àgbẹ̀ kòkó tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

"Tíṣà, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé ta ni ẹ wò?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Àwọn òyìnbó ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀."

"Ṣé kò sí ọkùnrin lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ni?"

Mo ti di ọ̀gá ilé ìwé kí àwọn òyìnbó tó bi ara wọn ní ìbéèrè yẹn, tí wọ́n fi orúkọ ọkùnrin kún un. Lọ́jọ́ náà, bàbá náà ní orúkọ a máa ro ọmọ. Bí ìlú bá ń fi orúkọ ọmọ òun pe ìparun, ta ni yóò fẹ́ ẹ? Ó fa ọmọ náà lọ́wọ́, ó ní oko ló kù tí yóò máa lọ. Ọmọ tí orí rẹ̀ pé jù ní kíláàsì mi!

Nírọ̀lẹ́, èmi àti hẹdimásítà lọ bẹ̀ ẹ́. A dọ̀bálẹ̀, ó kọ̀. Ìyá bàbá náà, tó ń yan iṣu nídìí ààrò, ló dá sí i.

"Ẹ̀yin tíṣà, ìjì yín ọ̀hún, ìgbà wo la kó o jáde?"

"Mà?"

"Ta ló tọ́ oyin sí i lẹ́nu? Ta ló tọ́ iyọ̀ sí i? Ó dé lọ́sàn-án, ó lọ kí adìyẹ tó wọlé. Ohun tí kò dúró di ọjọ́ kẹjọ kì í lórúkọ ní ulé yìí." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ náà, orúkọ tí mo fi ẹnu ara mi sọ ọmọ, ṣé o fẹ́ gbé e fún ìjì ni?"

Bàbá Adéfúnkẹ́ yíjú sí mi. Ó ní, "Ẹ kó àwọn ọmọ yẹn wá láàárọ̀."

Mo kó wọn lọ. Ìyá àgbà ti gbé oyin síwájú ilé. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tọ́ ọ wò, ó wo ojú ọmọ náà, ó pe orúkọ rẹ̀, ó sì ṣàdúrà fún un, níṣojú gbogbo àdúgbò. Ọmọkùnrin tó pilẹ̀ ariwo náà fẹ́ tọ́ oyin lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá àgbà gbá a lọ́wọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ẹ wo bí ọkàn mi ṣe fúyẹ́!

"Ó yá, ẹ máa mú un lọ," ni bàbá wí.

A padà dé kíláàsì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ nínú rẹ́jísítà, láti A lọ sí B. Adéfúnkẹ́ ló ṣáájú. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo pè é.

"Mo wà níbí, sà!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo kàn ń wò ó níbi tó jókòó sí, inú mi ń dùn, títí òun fúnra rẹ̀ fi nawọ́ sókè.

"Sà, Bọ́lá ló kàn."