Ẹ̀gbà Fàdákà Tí Mo Fọ̀

Òórùn ọṣẹ dúdú ni ó máa ń dá mi padà sí ọ́fíìsì tí mo lò ní Ìkọ̀lé, nígbà tí mo ń kọ́ni ní yunifásítì: yàrá tóóró kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi ewúro, tí eruku pupa sì máa ń bo gbogbo ìwé inú rẹ̀ bí ọyẹ́ bá ti dé. Ẹ̀yin náà tí ẹ ti gbé ìhà àríwá Èkìtì rí mọ eruku yẹn. A máa wọ inú aṣọ tí a dì sínú àpótí, a máa wọ inú oúnjẹ tí a dé lórí. Òun ni mo fi ń ṣe àwáwí fún ara mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé àwáwí náà kò tó.

Màmá àgbà kan wá láti Ààyè-Èkìtì lọ́jọ́ kan. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀gbà ọwọ́ kan kalẹ̀ sórí tábìlì mi. Fàdákà ni, ṣùgbọ́n ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Alágbẹ̀dẹ tó ṣe é ti fa fàdákà náà bí òwú, ó lọ́ ọ ní méjì-méjì, ó ká a bí ìkarahun ìgbín, ó sì fi iná lẹ̀ wọ́n mọ́ra.

“Ẹ̀yin ará yunifásítì,” màmá náà wí, “ẹ mọ ọjọ́ orí òkúta, ẹ mọ ti egungun. Uṣẹ́ yín ni. Ẹ bá mi wo ti èyí. Àbí o ò tíì jẹun ni? Ẹni tí ebi ń pa kì í ríran.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tirẹ̀ kò pẹ́. Ìyá rẹ̀ ti kú kí ó tó kọ́ ìrìn. Kò sí fọ́tò, kò sí aṣọ, kò sí ohunkóhun tí ọwọ́ ìyá náà kàn tí ó ṣẹ́kù, àfi bí ẹ̀gbà yìí bá jẹ́ tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni ó fún un nígbà tí ó ń lọ sílé ọkọ, kò sì sọ ju pé kí ó tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó tí bàbá náà fẹ́ lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀ búra pé ọwọ́ oníṣòwò kan tó ń kiri ni wọ́n ti rà á, pé ọwọ́ ẹnì kankan kò wọ inú rẹ̀ rí. Nítorí iyèméjì yìí, màmá náà kò wọ̀ ọ́ rí, kò sì fọ̀ ọ́ rí.

Nígbà tó fi ẹ̀gbà náà sílẹ̀ fún mi tó sì lọ tán, mo bu omi sínú abọ́, mo fi ọṣẹ dúdú sí i, mo sì mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n wo nǹkan ní àwòtán kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, ojú ń kán mi láti rí iṣẹ́ ọwọ́ alágbẹ̀dẹ náà. Omi náà pọ́n. Mo ní eruku Èkìtì ni. Mo dà á sí ìdí ewúro, mo tún bu òmíràn, títí fàdákà náà fi ń dán gbinrin.

Mo rí ohun tí mo ń wá. Lára ìdè rẹ̀, mo rí etí owó ṣílè kan tí iná kò yọ́ tán, ṣílè fàdákà ti ìgbà tí òyìnbó kò tíì sọ ọ́ di onídẹ. Bí wọ́n ṣe lọ́ okùn rẹ̀ sì jọ iṣẹ́ àwọn Tápà Bídà ju ti ibòmíràn lọ. Ẹ̀gbà náà lè dàgbà ju màmá náà fúnra rẹ̀ lọ. Àmọ́ kí inú mi tó dùn tán ni mo rí i pé èyí kò dáhùn ìbéèrè rẹ̀, nítorí ohun àtijọ́ lè pẹ́ nínú àpótí oníṣòwò láìsí ẹni tó wọ̀ ọ́. Ìgbà náà ni mo gbé àkísà tí mo fi nù ún wò: ó ti pọ́n. Ilẹ̀ pupa kì í lẹ̀ mọ́ aṣọ tó bẹ́ẹ̀, kì í sì í rùn. Èyí ṣì ní òórùn àdí díẹ̀ lára. Osùn ni: osùn tí abiyamọ fi ń pa ọmọ lára, tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ wọ àárín okùn fàdákà, tí ó sì jókòó síbẹ̀. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí màmá náà ní láyé ni mo dà sílẹ̀.

Nígbà tó padà wá, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, n kò fi ọ̀kan pamọ́. Ó bi mí pé:

“Báwo ni omi náà ṣe pọ́n tó?”

“Ó pọ́n bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tuntun, Màmá.”

“Àtẹ́lẹsẹ̀ mi nìyẹn,” ó wí. “Níbo lo dà á sí?”

Mo mú un lọ sí ìdí ewúro. Ọyẹ́ ti gbẹ ibẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa ilẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló pọ́n, bí gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe pọ́n, kò sì sí ẹni tó lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ó gba àkísà náà lọ́wọ́ mi, ó dì í mọ́ etí ìró rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ ẹ̀gbà náà fún ìgbà àkọ́kọ́, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́rùn ọwọ́.

“Ó ti mọ́ jù, ọmọ mi.”

Kò bú mi. Ì bá sàn kí ó bú mi.

Òjò ọdún náà kò tíì rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti Ààyè pé ó ti dolóògbé. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ohun àtijọ́ wá bá mi, ẹni tó fọwọ́ kàn án kẹ́yìn ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè, mo sì máa ń fi í sílẹ̀ nínú ìdọ̀tí rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Mo lè sọ ibi tí wọ́n ti ṣe ẹ̀gbà náà. Mo lè sọ ohun tí wọ́n yọ́ láti fi ṣe é. Ohun tí ó wá bi mí kọ́ nìyẹn.