Ìgalà Oníwo Kan

"Má sín, má wúkọ́, má sì kí ẹnikẹ́ni."

Ohun tí bàbá náà sọ sí mi létí nìyẹn, tábà ń rùn lẹ́nu rẹ̀. Àwa méjèèjì dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ebè tòmátì ní ìdájí ọyẹ́, adágún ọgbà rẹ̀ ń rú èéfín bí ìkòkò ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ọyẹ́ ọdún yẹn le débi pé ẹnu àkùkọ sán, kò lè kọ. Wọ́n ní irọ́ ni. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì dáyé nígbà náà.

Aládùúgbò wa ni bàbá yìí ní Kàbà. Fọ́tò ló ń yà, ti ìyàwó, ti ọmọ ìkókó. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tó ń gé orí àwọn èèyàn kúrò nínú fọ́tò, wọ́n sá fún un, ó wá kọjú sí ẹranko. Ó ní ẹranko kì í bínú. Ata àti tẹ̀tẹ̀ ló torí rẹ̀ gbẹ́ adágún náà, ṣùgbọ́n bí àwọn odò bá gbẹ, tí iná bá ti jó igbó orí òkè, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń wá mumi: àparò, òkéte, awọ́nrínwọ́n kan tó gùn ju ibùsùn mi lọ. Kò sẹ́ni tó ń yìnbọn níbẹ̀. Àwa kì í pa ẹran tó bá tẹrí ba mumi.

Ọdún mẹ́ta ló fi ń sọ pé ìgalà oníwo kan ṣoṣo ń wá síbẹ̀, tí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í hàn nínú ẹrẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ a máa rẹ́rìn-ín nídìí iṣu tó ń sun.

"Ojú ń tan bàbá yín jẹ. Láná ó kí ìkòkò omi mi, ó pè é ní àna rẹ̀."

Gbogbo àdúgbò a bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ò ní rẹ́rìn-ín. "Kí ojú yìí tó fọ́ tán, ẹ ó rí i nínú fọ́tò. Mi ò tíì máa rí ohun tí kò sí."

Ní ìdájí ọjọ́ yẹn, fọ́tò kan ṣoṣo ló kù nínú fíìmù rẹ̀. Èmi ló mú dání, torí ojú mi mú. Èmi tí gbogbo ilé mọ̀ sí òpùrọ́. Kò jẹ́ kí n fi òrí para, ó ní ẹranko á gbóòórùn rẹ̀. Ara mi funfun bí ti ẹni tó yí nínú eérú.

Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ń ké. Lójijì, wọ́n dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé olùkọ́ wọlé. Nínú kùrukùru, lódìkejì omi, mo rí àgbàlagbà kan tó bẹ̀rẹ̀, ó daṣọ borí. Ọmọ Kàbà ni mí. Ìfọ́tí ni wọ́n fi kọ́ mi láti máa kí àgbà ní "Okun" láàárọ̀. Ẹnu mi ò dúró gbàṣẹ.

"Okun o, bàbá!"

"Okun."

Ohùn náà ò ti ẹnu rẹ̀ jáde. Abẹ́ omi ló ti wá. Ó gbórí sókè. Aṣọ kọ́ ló wà lórí rẹ̀. Ìwo ni, ẹyọ kan. Kámẹ́rà dún kẹ́ lọ́wọ́ bàbá. Mo ṣẹ́jú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, omi ò sì mì.

Bàbá ò nà mí. Ó kàn béèrè pé, "Ta ló dá ọ lóhùn?"

"Ṣebí ẹ̀yin ni," mo ní, kí ẹ̀rù má bàa bà mí.

Ó mi orí pé òun kọ́.

Kó tó ráyè fọ fọ́tò náà, ojú rẹ̀ ti fọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi mọ iṣẹ́ náà ṣe nínú yàrá tó faṣọ dúdú dí fèrèsé rẹ̀, oògùn inú àwo ń ta wá nímú. Ó nà án sí mi. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

Etí omi ṣófo. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo purọ́. "Ó wà níbẹ̀, bàbá. Ó dúró gbọn-in, ìwo méjèèjì ń dán."

"Ìwo méjèèjì?"

"Méjèèjì."

Ó rọra jókòó. "Òpùrọ́ mi," ó ní, "tún un wò."

Mo gbé e lọ síbi ìmọ́lẹ̀. Etí omi ṣófo lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú omi kò ṣófo. Òjìji rẹ̀ wà níbẹ̀, ó dorí kodò, oníwo kan, ó tẹjú mọ́ mi. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe rí i. Ìyàwó rẹ̀ gbà á wò. Kò rẹ́rìn-ín mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Bàbá fi ìka ra fọ́tò náà bí ẹni tó ń ra orí ọmọ tuntun.

"Ojú mi ò tàn mí," ló wí.

Mo ti purọ́ tó kún àká láti ìgbà náà, ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n fọ́tò yẹn wà nínú àpótí mi, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Bí ẹnì kan bá sì ní òun rí ohun tí èmi ò rí, mi ò jẹ́ fi í ṣẹ̀sín. Mo máa ń sọ fún un pé kó tún un wò.

Ojú tèmi náà ti ń ṣú báyìí. Ní ọyẹ́ tó kọjá, mo gba fóònù ọmọ ọmọ mi, mo lọ dùbúlẹ̀ sétí adágún náà. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ dákẹ́. Mi ò rí nǹkan kan, mo sì pa ẹnu mọ́ bí bàbá ṣe kìlọ̀ fún mi. "Okun," ohùn kan wí lábẹ́ omi.

Lọ́tẹ̀ yìí, èmi kọ́ ló kọ́kọ́ kí.