Ìwé Tí Mo Fọwọ́ Sí Nítorí Ẹfọ̀n Òyìnbó

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pè mí ní Secretary mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ní mọ́ṣáláṣí wa ní Peckham, nílùú òyìnbó, èmi ni mo ń kọ lẹ́tà ẹgbẹ́, èmi ni mo ń bá wọn dá kánsù lóhùn, èmi ni wọ́n ń sáré wá bá bí lẹ́tà tó ń dẹ́rù bani bá já sí ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Mo máa ń gbádùn rẹ̀. Kí n má purọ́, mo gbádùn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìgbádùn yẹn ló gbé mi dé ibi tí mo ti fọwọ́ sí ìwé tó gba pápá lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí kò ṣe mí ní nǹkankan ju oore lọ.

Àgbẹ̀ ni ọkùnrin náà, òyìnbó tó dàgbà jù mí lọ dáadáa, ó ń sin màlúù ní ìgbèríko kan tí a máa ń wa mọ́tò dé láàárín wákàtí kan àbọ̀. Kí a tó mọ̀ ọ́n, inú ṣọ́ọ̀bù la ti ń gba ẹran Iléyá wa, nínú ọ̀rá. Ìwọ tí o ní o pa ẹran fún Ọlọ́run, o ò mọ̀ bóyá ojú méjì ló ní tàbí ẹyọ kan. Ó máa ń bí àwọn àgbà wa nínú. Ẹni méje ló ń para pọ̀ pín màlúù kan, wọ́n sì fẹ́ rí i láàyè, kí wọ́n wo eyín rẹ̀ bóyá ó ti pé ọdún méjì, kí wọ́n wo etí rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá kò lábùkù.

Àgbẹ̀ yìí gbà wá láàyè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ń wò wá bí a ṣe ń yí màlúù po, tí a ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí a ń na ọrùn. Nígbà tó yé e, ó di orí màlúù náà mú, ó ya ẹnu rẹ̀ fún wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló ń pè mí lórí fóònù pé mẹ́ta ti wà nílẹ̀ fún yín, eyín ńlá méjì ti yọ lẹ́nu gbogbo wọn, etí wọn pé. Bí a bá fẹ́ dé, á to àga sí ẹnu géètì fún àwọn ìyá wa, á sì fi omi fọ ẹrẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà nítorí bàtà wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ Iléyá, á kó àwọn màlúù náà lọ sí ilé ìpẹran tí òfin fọwọ́ sí, àwa á sì lọ gba ẹran wa níbẹ̀.

Ó sọ fún mi nígbà kan pé pápá ìsàlẹ̀, èyí tó wà lẹ́bàá igbó, kì í ṣe tòun. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ háyà rẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, òun náà sì ń háyà rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń gé koríko tí àwọn màlúù máa jẹ nígbà òtútù. Ó ní bí pápá yẹn bá lọ, màlúù lọ nìyẹn. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì.

Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan wá sí gbọ̀ngàn wa lọ́jọ́ Sunday, láti ẹgbẹ́ kan tó ń tọ́jú igbó. Ó gbé kọ̀ǹpútà dání, ó fi àwòrán ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní báísìn hàn wá. Ẹ ṣáà pè é ní ẹfọ̀n òyìnbó: irun bò ó lọ́rùn, èjìká rẹ̀ ga ju ìdí rẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn fẹ́ kó irú rẹ̀ wá sínú igbó kan, kó máa rìn bó ṣe wù ú láti inú igbó bọ́ sí pápá, kì í ṣe inú ọgbà ẹranko. Ó ní àwọn ọmọ wa á máa wá wò ó lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á fi bọ́ọ̀sì gbé wọn. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Wọn kì í gbọ́ ohùn àwọn èèyàn bíi yín nínú ọ̀rọ̀ ìgbèríko."

Ara mi yá gágá. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gbé ìlú yìí, ibi tí a ń gbé mọ́tò wa sí lọ́jọ́ Jímọ̀ nìkan ni wọ́n ń bi mí léèrè. Ẹnìkan wá fẹ́ mọ èrò mi lórí igbó!

Ó fún mi ní ìwé tí a máa fọwọ́ sí láti bẹ onílẹ̀ pé kó gbà, àwòrán ilẹ̀ sì wà lójú ewé kejì rẹ̀. Mo rí orúkọ abúlé náà. Mo rí igbó náà, mo sì rí pápá ìsàlẹ̀ tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé mọ́ igbó. Kì í ṣe pé mi ò rí i o. Mo kàn sọ fún ara mi pé pápá kan ṣoṣo ni, àgbẹ̀ ní pápá púpọ̀. Ẹ sì wá wo iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun: mo máa ń jókòó sẹ́yìn tábìlì kánsù láti Monday dé Friday, tí mò ń bi àwọn ayálégbé léèrè bóyá wọ́n ka ìwé kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo fọwọ́ sí i, mo sì gbé tábìlì sẹ́bàá ibi tí a ń bọ́ bàtà sí kí àwọn yòókù lè fọwọ́ sí i. Láàárín wa, bí Secretary bá ti fọwọ́ sí nǹkan, ó parí. Ẹnikẹ́ni kò ní kà á, torí bí o bá kà á, ó dà bíi pé o ò fọkàn tán mi. Ìyá àgbà kan ṣoṣo ló dúró bi mí, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Mummy.

"Kí lèyí, Secretary? Housing ni àbí blue badge páàkì mọ́tò?"

"Rárá o, Mummy. Wọ́n fẹ́ kó ẹfọ̀n wá sínú igbó kan, kó máa rìn free. Wọ́n ní ká support ẹ̀."

"Ẹfọ̀n? Ẹfọ̀n tó ń pa ọdẹ? Ta ló ń gbé near ibẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan, Mummy. Bush lásán ni."

"Tó bá ti jẹ́ pé ìwọ lo ní ká sign, no problem. Mú bírò wá."

Bí mo ṣe purọ́ fún un nìyẹn, lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, tí omi àlùwàlá ò tíì gbẹ lára mi.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé ní gbọ̀ngàn abúlé náà. Mo wọ kóòtù mi tó dára jù. Mo ti múra ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, mo sì sọ ọ́ tó já geere: mo ní àwọn ọmọ Peckham kò rí ẹranko ńlá rí, àfi lójú fóònù. Àárín èrò ni àgbẹ̀ wa jókòó sí. Òun ló máa ń gbé àwọn ọmọ yẹn gun géètì bí a bá kó wọn wá, kí wọ́n lè rí màlúù dáadáa. Mo rí i, mi ò sì lè dá ẹnu mi dúró. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tí àtẹ́wọ́ rọlẹ̀, ó dìde, ó bi mí ní ìbéèrè kan.

"Ṣé o ní nọ́ńbà fóònù mi?"

Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ó padà jókòó.

Onílẹ̀ gba pápá náà, ó fún ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú igbó. Ọmọbìnrin yẹn pè mí tayọ̀tayọ̀ pé ìwé tiwa wúlò gan-an. Ó ṣeé ṣe kí onílẹ̀ ti pinnu ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí n tó gbé tábìlì kankan jáde, àmọ́ mi ò ní fi ìyẹn tu ara mi nínú. Ojú tì mí, inú sì tún ń bí mi sí gbogbo ayé, sí ọmọbìnrin náà, sí èmi alára tí ìyìn máa ń pa bí ọtí.

Nígbà tí Iléyá tún kù fẹ́ẹ́fẹ́, mi ò ní ìgboyà láti pè é. Òun ló pè. Ó ní òun ti ṣèlérí mẹ́ta fún wa kí ọ̀rọ̀ náà tó ṣẹlẹ̀, eyín ti yọ, etí pé.

A lọ. Àga wà ní ẹnu géètì bíi ti tẹ́lẹ̀, ó sì ti fọ ẹrẹ̀ kúrò lọ́nà. Àmọ́ ilé màlúù ṣófo, wọ́n ti gbá a mọ́ tónítóní, màlúù mẹ́ta péré ló dúró nínú gbogbo rẹ̀. Mo wo ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn wáyà tuntun, nínú pápá tó ti ń gé koríko, ẹfọ̀n òyìnbó kan ń jẹ koríko jẹ́jẹ́. Ẹranko náà kò ṣẹ̀ mí, síbẹ̀ mo bínú sí i.

Mummy béèrè ibi tí àwọn yòókù wà. Àgbẹ̀ náà ní òun ti tà wọ́n, pé àwọn èèyàn kan nílò pápá ìsàlẹ̀. Mo ń retí kó yíjú sí mi. Kò wo ibi tí mo wà rárá.

Mummy dìde lórí àga, ó di ọwọ́ ọkùnrin náà mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà ní Yorùbá, torí kì í fi èdè òyìnbó gbàdúrà. Ó ní Ọlọ́run á fi èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò. Ó ní, "Ẹni tó bá lọ́wọ́ sí bí pápá yìí ṣe bọ́ lọ́wọ́ ẹ, ọkàn ẹ̀ ò ní balẹ̀ láyé." Gbogbo àwọn àgbà dáhùn. Èmi náà dáhùn, torí ojú wọn wà lára mi.

Ọkùnrin náà bi mí pé kí ni ìyá sọ. Mummy gbọ́ òyìnbó dáadáa, ó dúró, ó ń retí kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀, láìfi ọ̀kan sílẹ̀.

Ó ní, "Kí lẹ máa ń fi dáhùn?"

Mo ní, "Àmín."

"Ṣé ìwọ náà dáhùn?"

Mo ní mo dáhùn. Ó mi orí, ó sì lọ ya ẹnu màlúù àkọ́kọ́ kí Mummy lè wo eyín rẹ̀.